Bí mo ṣe yan mágásíìnì tí mo lè fọkàn tán fún ìbọn mi àkọ́kọ́ ní Texas

Èmi àti ìyàwó mi ra ilẹ̀ éékà mẹ́ta ní apá ìwọ̀-oòrùn Houston, níbi tí a ti ń gbin ewédú, ilá, ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ àti ata. Ní ọdún kejì ni àwọn ẹlẹ́dẹ̀ igbó mọ ọ̀nà ibẹ̀. Ẹni tí kò bá tíì rí ohun tí agbo ẹlẹ́dẹ̀ igbó kan lè fi imú tú lóru ọjọ́ kan ṣoṣo yóò rò pé àsọdùn ni mo ń sọ. Òfin Texas, láti oṣù kẹsàn-án ọdún 2019, gbà kí onílẹ̀, tàbí ẹni tí onílẹ̀ fún láṣẹ, pa wọ́n lórí ilẹ̀ aládàáni láì gba ìwé àṣẹ ọdẹ. Nígbà tí ọgbà kò dá wọn dúró mọ́, mo pinnu láti ra ìbọn.

Ìbọn ṣakabùlà ni bàbá mi ń gbé wọ igbó nílé. Ẹnu ìbọn náà ni wọ́n ti ń ki ẹ̀tù sí i, wọn a sì yin ẹyọ kan kí wọ́n tó tún kì í. Irú èyí tí mo rà yàtọ̀ pátápátá. AR-15 ni, tí ń jẹ ọta tí wọ́n ń pè ní 5.56: bí mo bá fa tíríga lẹ́ẹ̀kan, ẹyọ ọta kan ṣoṣo ni yóò yìn, ṣùgbọ́n ìbọn náà yóò fúnra rẹ̀ tu kòròfo ọta dànù, yóò sì fúnra rẹ̀ ti ọta mìíràn wọlé. Mo kọ ọ̀rọ̀ kún fọ́ọ̀mù 4473 ní ṣọ́ọ̀bù, wọ́n yẹ orúkọ mi wò nínú ètò ìwádìí ìjọba àpapọ̀ tí wọ́n ń pè ní NICS, mo sanwó, mo gbé ìbọn lọ sílé pẹ̀lú mágásíìnì, ìyẹn ohun tí a ń kó ọta sí kí a tó tì í bọ abẹ́ ìbọn, ẹyọ kan ṣoṣo tó bá a wá. Ìlànà Texas ni mo ń sọ yìí o; òfin Nàìjíríà lórí ìbọn yàtọ̀ sí i gan-an, kí ẹnikẹ́ni má fi ìrírí mi ṣe àwòkọ́ṣe níbẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n kan tí a jọ wá láti Ìbàdàn, tí wọ́n fi ọdún púpọ̀ ṣe ológun ilẹ̀ Amẹ́ríkà kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì, ni mo tọ̀ lọ fún ìmọ̀ràn. Mo kí wọn tán, mo ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, irú awò ìfojúsùn wo ni kí n rà sórí ìbọn yìí?" Wọ́n ní, "Àbúrò, fi ọ̀rọ̀ awò sílẹ̀ ná. Mágásíìnì mélòó lo ní?" Mo ní ẹyọ kan. Wọ́n mi orí. "Lọ wá mágásíìnì tó dára ná. Bí ìbọn bá há mọ́ ọ lọ́wọ́ lọ́la, ibẹ̀ ni kí o kọ́kọ́ wò."

Ọ̀rọ̀ náà kò yé mi títí wọ́n fi tú ẹyọ kan palẹ̀ níwájú mi lórí tábìlì. Nǹkan márùn-ún péré ló wà níbẹ̀: ara mágásíìnì fúnra rẹ̀, ètè méjì tó wà lókè rẹ̀, sípíríìnì, pẹpẹ kékeré tí ọta jókòó lé, àti ìdérí ìdí rẹ̀. Sípíríìnì ń ti pẹpẹ sókè, pẹpẹ ń ti ọta sókè, ètè méjèèjì sì ń di ọta òkè pátápátá mú títí bóòtì, irin tí ń lọ tí ń bọ̀ nínú ìbọn, yóò fi wá tì í síwájú. Bí ètè bá fẹ̀ jù, ọta a fò jáde tàbí kí méjì wọlé pọ̀. Bí sípíríìnì bá rẹ̀, ọta kò ní tètè dé òkè kí bóòtì tó kọjá. Bí pẹpẹ bá ń dagun, orí ọta a tẹ̀ sílẹ̀, a sì lọ kọlu iwájú mágásíìnì dípò kó wọ ihò ìbọn. Gbogbo èyí gbọ́dọ̀ ṣẹlẹ̀ déédéé láàárín ìdá kékeré nínú ìṣẹ́jú àáyá kan. Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti gbà pé mágásíìnì jẹ́ ara ìbọn gan-an, kì í ṣe àpò lásán tí a ń kó ọta sí.

Pẹpẹ yìí ní ìtàn tirẹ̀ tí mo fẹ́ràn láti gbọ́. Mágásíìnì alumíníọ̀mù tó tọ́ gbọọrọ, tí ń gba ọta 20, ni M16, ìbọn ológun tó jẹ́ ìbátan AR-15, kọ́kọ́ ń lò, àwọn ọmọ ogun tó lò ó ní Vietnam sì mọ̀ pé ó sàn kí àwọn fi ọta 18 sínú rẹ̀ ju kí àwọn kún un lọ. Nígbà tí èyí tí ń gba 30 dé, wọ́n ní láti tẹ̀ ẹ́ ní ìsàlẹ̀, nítorí pé ọta náà tín-ín-rín níwájú ju ẹ̀yìn lọ, ṣùgbọ́n òkè rẹ̀ gbọ́dọ̀ tọ́ kó lè wọ ihò tó wà lára ìbọn. Ibi tí títọ́ ti ń di títẹ̀ yẹn ni pẹpẹ ti máa ń fẹ́ dagun. Fún ìdí èyí ni àwọn ológun fi ń tún un ṣe lóríṣiríṣi: pẹpẹ dúdú, lẹ́yìn náà aláwọ̀ ewé, àti aláwọ̀ iyanrìn tó dé ní ọdún 2009 pẹ̀lú sípíríìnì tó lágbára sí i. Bí mo bá rí mágásíìnì ológun àtijọ́ nísinsìnyí, àwọ̀ pẹpẹ rẹ̀ ni mo kọ́kọ́ ń wò.

Nígbà tí mo lọ rajà, mo ra méje. Mẹ́rin jẹ́ PMAG oníke tí ilé-iṣẹ́ Magpul ṣe, méjì tí ń gba ọta 20 àti méjì tí ń gba 30. Mo mú wọn nítorí pé pẹpẹ wọn kì í dagun, àti pé ike kì í tẹ̀ kó wà ní títẹ̀ bíi ti páànù; ní ìparí ọdún 2016 ni àwọn ọmọ ogun Marine ilẹ̀ Amẹ́ríkà gba irú kẹta rẹ̀ láàyè fún lílò. Méjì jẹ́ alumíníọ̀mù tuntun onípẹpẹ aláwọ̀ iyanrìn, tí ń gba 30. Ẹ̀keje ni mo rà ní ọjà àlòkù lọ́wọ́ ọkùnrin kan tó ní kò tíì ṣubú rí. Owó rẹ̀ kéré, mo sì jẹ́ kí iye owó yẹn fà mí. Texas kò fi òfin dí iye ọta tí mágásíìnì lè gbà, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ń gbé California tàbí New York kò gbọdọ̀ ra èyí tó ju 10 lọ, ti Colorado sì jẹ́ 15. Ẹ wo òfin ìpínlẹ̀ yín kí ẹ tó náwó.

Nílé, mo kọ́kọ́ rí i dájú pé ìbọn ṣófo, mo sì gbé gbogbo ọta sí yàrá mìíràn. Mo fi kun funfun kọ nọ́ńbà sí ìdí mágásíìnì kọ̀ọ̀kan, 1 títí dé 8; èyí tó bá ìbọn wá ni 1. Nínú gbogbo ohun tí mo ṣe, èyí ni mo rò pé ó ṣe mí láǹfààní jù lọ, nítorí pé láìsí nọ́ńbà, bí ọta bá há, ẹ kò ní mọ èyí tó jẹ̀bi nígbà tí gbogbo wọn bá ti dàpọ̀ nínú àpò. Mo gbé ètè wọn sí ìmọ́lẹ̀ láti wo bóyá ó là tàbí ó ṣe wọ́gọwọ̀gọ, mo fi àtàǹpàkò tẹ pẹpẹ wọn wálẹ̀ pátápátá, mo sì jẹ́ kó padà sókè. Lẹ́yìn náà ni mo ti ọ̀kọ̀ọ̀kan bọ inú ìbọn, mo sì tẹ ohun tí ń tú u sílẹ̀, láti mọ̀ bóyá yóò jábọ́ fúnra rẹ̀. Nọ́ńbà 8, èyí tí mo rà ní àlòkù, kò jábọ́. Ọwọ́ ni mo fi fà á yọ. Ara rẹ̀ ti wú díẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́, ojú mi kò sì rí i lọ́jọ́ tí mo rà á.

Ọjọ́ Sátidé méjì ni mo lò ní pápá ìyìnbọn. Mo fẹ́ kí ìkọ̀ọ̀kan wọn yin ọta tó kún inú rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta láìsí àbùkù kankan kí n tó kà á sí tèmi. Ohun mẹ́ta ni mo ń wò: ṣé ó wọlé dáadáa bí ó bá kún tí bóòtì sì wà ní pípadé, ṣé ọta kọ̀ọ̀kan wọlé láì há, ṣé bóòtì dúró sẹ́yìn nígbà tí ọta tán. Ní ti èkíní, àwọn alumíníọ̀mù tí mo fi 30 sí ṣòro láti tì wọlé, nítorí pé àyè kò ṣẹ́kù fún ọta láti fà sẹ́yìn nínú wọn. Mo dín in kù sí 28, ó sì wọlé wẹ́rẹ́. Bí mo bá ti tì í wọlé báyìí, mo máa ń fà á wálẹ̀ gírí láti mọ̀ pé ó ti di mú.

Nọ́ńbà 8 há lẹ́ẹ̀mẹrin nínú ọta 30 àkọ́kọ́. Ẹ̀rù kọ́kọ́ bà mí pé ìbọn tuntun mi ló bàjẹ́. Mo kó ọta tó ṣẹ́kù láti inú páálí kan náà sínú nọ́ńbà 2, gbogbo rẹ̀ yìn láì há. Mo tún padà sí nọ́ńbà 8, ó tún há. Èyí ni ọ̀nà tó dájú jù tí mo mọ̀ láti yanjú ẹjọ́ láàárín ìbọn, ọta àti mágásíìnì: ẹ máa pààrọ̀ ẹyọ kan péré, kí ẹ jẹ́ kí ìyókù dúró bó ṣe wà. Nọ́ńbà 1, tó bá ìbọn wá, kò há rárá, ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀mejì ni bóòtì kò dúró sẹ́yìn nígbà tí ọta rẹ̀ tán. Mo ra sípíríìnì tuntun sí i, ó sì ti ń ṣe dáadáa láti ìgbà náà. Ní ti nọ́ńbà 8, mo fi òòlù fọ́ ọ kí n tó jù ú nù, kí ẹlòmíràn má baà rí i ṣà.

Ọta tí bàbà bo orí rẹ̀, tí orí náà wọn 55 ní òṣùwọ̀n tí wọ́n ń pè ní grain, ni mo fi dán gbogbo wọn wò, nítorí pé ó dínwó. Ṣùgbọ́n ọta olórí rírọ̀ ni mo ń lò fún ẹlẹ́dẹ̀, orí rẹ̀ sì yàtọ̀ sí ti ìkíní. Mo tún fi páálí kan nínú rẹ̀ dán àwọn tí mo yàn fún oko wò. Àwọn PMAG tí ń gba 20 ló tẹ́ mi lọ́rùn jù níbẹ̀, nítorí pé bí mo bá dojú bolẹ̀ láti yìn, èyí tí ń gba 30 a kan ilẹ̀, a sì gbé ìbọn sókè ju bí mo ṣe fẹ́ lọ.

Ìkìlọ̀ kan wà tí n kò gbọdọ̀ fò. Ọta kan wà tí wọ́n ń pè ní .300 Blackout, tó máa ń wọ inú mágásíìnì kan náà yìí láìsí ìdíwọ́. Bí ó bá ṣèèṣì wọ inú ìbọn 5.56, ìbọn náà lè bú gbàù lójú ẹni tó ń yìn ín. Ẹni tó bá ní ìbọn oríṣi méjèèjì, kí ó fi àwọ̀ ọ̀tọ̀ sí mágásíìnì wọn. Èmi kò tilẹ̀ jẹ́ kí ọta náà wọ ilé mi.

Ní ti ìtọ́jú, mo máa ń tú wọn palẹ̀, mo sì ń fi aṣọ gbígbẹ nu inú wọn láì fi òróró sí i, nítorí pé òróró máa ń fa eruku mọ́ra. Ẹ̀gbọ́n mi sọ fún mi pé kíkún àti títú lemọ́lemọ́ ló ń dín agbára sípíríìnì kù, kì í ṣe pípẹ́ tí ọta bá pẹ́ nínú mágásíìnì. Síbẹ̀, èmi kì í fi ọta sílẹ̀ nínú wọn lẹ́yìn oko. Àwọn ọmọ wà nílé, òfin Texas sì mú ẹni tó bá fi ìbọn tó ní ọta sílẹ̀ níbi tí ọmọ tí kò tó ọdún 17 ti lè dé e. Àpótí irin alágádágodo ni ìbọn mi ń gbé, ọta sì ní àpótí tirẹ̀ lọ́tọ̀.

Ìwé kékeré kan wà nínú àpótí náà tí mo ń kọ ìṣe nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan sí. Nọ́ńbà 2 àti 3, àwọn oníke tí ń gba 20, ni mo ń gbé lọ sí oko. 4 àti 5 ló ń dúró dè wọ́n. 1, 6 àti 7 jẹ́ ti pápá ìyìnbọn. Ní oṣù tó kọjá, 6 há lẹ́ẹ̀kan. Mo ti kọ ọ́ sílẹ̀, mo sì ti fi kun pupa sàmì sí ìdí rẹ̀ títí mo fi máa dán an wò lẹ́ẹ̀mẹta mìíràn.