Bí a ṣe ń lo àkànlò èdè ìbínú nínú Gẹ̀ẹ́sì

Kí ẹ tó fi àkànlò èdè ìbínú kankan sọ̀rọ̀ ní Gẹ̀ẹ́sì, ẹ kọ́kọ́ wádìí ohun tí wọ́n fojú rí tí wọ́n fi dá a sílẹ̀. Níbẹ̀ lẹ ó ti mọ irú ìbínú tó bá a mu.

Ẹ wo "fly off the handle". Ọ̀dọ̀ àwọn agégi ló ti wá, ní Amẹ́ríkà, kó tó di ọdún 1850. Bí irin àáké kò bá dì mọ́ ẹ̀rú dáadáa, yóò fò yọ nígbà tí wọ́n bá jù ú sókè, a kò sì mọ ẹni tí yóò bà. Ìbínú òjijì tó ju ọ̀ràn lọ nìyẹn. Bí wọ́n bá na ọmọ ẹnì kan láìṣẹ̀, tí ìyá rẹ̀ fara ya, ẹ má lò ó fún un. Ẹ ti dá a lẹ́bi nìyẹn. "She flew off the handle at me" ló tọ̀nà. "She flew me off the handle" kò sí.

"It makes my blood boil" yàtọ̀ pátápátá. Èrò tó wà nídìí rẹ̀ ti pẹ́: Aristotle, onímọ̀ ọgbọ́n orí ará Gíríìsì tó kú ní ọdún 322 ṣáájú ìbí Kristi, ti kọ ọ́ pé lójú onímọ̀ ìṣẹ̀dá, híhó ẹ̀jẹ̀ tó yí ọkàn ká ni ìbínú. Ìrẹ́jẹ ni wọ́n ń lò ó fún, bíi kí wọ́n jẹ owó ìfẹ̀yìntì arúgbó mọ́ ọn lọ́wọ́. Ọ̀ràn tó ń bíni nínú ló ń ṣáájú nínú gbólóhùn, kì í ṣe ẹni tí inú ń bí. Ibí yìí lọ̀pọ̀ ti ń ṣì í: "I boil my blood" kò nítumọ̀.

Inú ẹ́ńjìnnì ni "let off steam" àti "blow a gasket" ti wá, àmọ́ wọn kì í ṣe ọ̀kan náà. Ẹ́ńjìnnì tó ń lo oru omi ní fáàfù tí ń tú oru jáde kí ìkòkò irin rẹ̀ má baà bẹ́. Ẹni tó lọ gbá bọ́ọ̀lù kí inú rẹ̀ lè rọ̀ ló "let off steam". Ẹni tó "blow a gasket" ti kọjá ibẹ̀: ó ti gbóná títí gásíkẹ́ẹ̀tì, ìyẹn ohun tí wọ́n fi ń dí àárín irin méjì nínú ẹ́ńjìnnì, fi jó.

"See red" ni kí inú bí ènìyàn gan-an lójijì. Ẹ ṣọ́ra fún ìtàn pé eré akọ màlúù ní Sípéènì, níbi tí wọ́n ti ń mi aṣọ pupa níwájú màlúù, ló bí i. Màlúù kì í dá àwọ̀ pupa mọ̀ dáadáa. Mímì aṣọ ló ń mú un kọlu ènìyàn.

Ní Amẹ́ríkà, "I'm mad" ni inú ń bí mi. Ní Lọ́ńdọ̀nù, wọ́n lè gbọ́ ọ sí wèrè. "Pissed" tún le jù: ìbínú ni ní Amẹ́ríkà, ọtí àmupara ni ní Britain, kò sì yẹ níwájú àgbà níbi méjèèjì. Nínú lẹ́tà ìfẹ̀hónúhàn sí ilé iṣẹ́, ẹ fi gbogbo wọn sílẹ̀. Ẹ kọ "I am very unhappy about this", kí ẹ sì to ohun tó ṣẹlẹ̀, ọjọ́ rẹ̀ àti iye owó tó bá a lọ sísàlẹ̀.