Bí A Ṣe Ń Lo Fire Pit Onígáàsì Níbi Tí A Pàgọ́ Sí

Tí ooru bá ti mú ní California, Colorado àti àwọn ìpínlẹ̀ ìwọ̀-oòrùn Amẹ́ríkà yòókù, tí koríko sì ti gbẹ, àwọn aláṣẹ igbó sábà máa ń fòfin de iná igi àti ti èédú. Ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ àwọn tó ń lọ pàgọ́ fi ń ra fire pit onígáàsì: àwo irin fífẹ̀ kan tí bọ́nà wà nínú rẹ̀, tí họ́ọ̀sì so mọ́ sílíńdà propane. Kò léèérú, èéfín rẹ̀ kì í ta èèyàn lójú, iná rẹ̀ kì í sì í ta sínú koríko. Ọ̀pọ̀ igbó ọba ló ń gbà á láàyè nígbà tí wọ́n bá de iná igi, torí pé èèyàn lè yí i pa lójú ẹsẹ̀, àmọ́ kì í ṣe gbogbo wọn. Ẹ pe ọ́fíìsì ibi tí ẹ ń lọ kí ẹ tó gbéra, kí ẹ sì tún ka pátákó ẹnu ọ̀nà nígbà tí ẹ bá débẹ̀.

Àṣìṣe tí mo máa ń rí jù ni pé àwọn èèyàn ń fojú èéfín wo gáàsì. Wọ́n rò pé tó bá jò, òkè ló máa gbà lọ. Propane wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ, ó tó ìlọ́po kan ààbọ̀ rẹ̀. Ilẹ̀ ló máa ń wá. Á rọra wọ́ lọ síbi tó bá rẹlẹ̀, á sì dúró síbẹ̀ de ẹni tó máa ṣáná. Gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ nísàlẹ̀ yìí, orí èyí ló dúró lé.

Sílíńdà tó ń gba gáàsì 20 pounds ni kí ẹ gbé. Àwọn kékeré oní-pound kan dára fún sítóòfù, wọn kò lágbára tó fún èyí. Fire pit tó ń jó 58,000 BTU (BTU ni wọ́n fi ń wọn ooru) ní wákàtí kan máa jó sílíńdà 20 pounds tán ní nǹkan bíi wákàtí méje bí ẹ bá ṣí i dópin. Bí ẹ bá yí i sí ìdajì, ó máa gbé yín fún alẹ́ mẹ́ta. Kí ẹ tó kúrò nílé, ẹ gbé sílíńdà lé òṣùwọ̀n. Nọ́ńbà tó wà níwájú TW lọ́rùn rẹ̀ ni ìwọ̀n rẹ̀ lófìfo, ó sábà máa ń tó 17 pounds; ohun tó bá fi lé nìyẹn ni gáàsì. Bí kò bá sí òṣùwọ̀n, ẹ da omi gbígbóná láti ẹnu ẹ̀rọ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kí ẹ sì fi àtẹ́lẹwọ́ rà á láti òkè wá sísàlẹ̀. Ibi tó bá ti tutù lójijì, ibẹ̀ ni gáàsì dé. Ọwọ́ tí à ń yí lórí rẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ onígun mẹ́ta, torí àmì nìyẹn pé ó ní ohun tí kì í jẹ́ kó kún jù. Láti 2002 ni wọn kì í ti í rọ gáàsì sí èyí tí kò bá ní in ní Amẹ́ríkà.

Nínú ọkọ̀, òòró ni sílíńdà máa wà. Kéréètì tí wọ́n fi ń kó wàrà gbà á rẹ́gí, kò sì wọ́n. Ẹ ṣí fèrèsé díẹ̀, ẹ má sì fi í sílẹ̀ sínú ọkọ̀ tó wà lóòrùn.

Ilẹ̀ tó tẹ́jú, tí kò ní koríko, tí ẹ̀ka igi kò sì bò lórí, ni ẹ máa gbé àwo náà sí, kó jìnnà sí àgọ́ ní ẹsẹ̀ bàtà mẹ́wàá ó kéré tán. Àwọn kan ń ra ẹní iná olówó gọbọi tẹ́ sábẹ́ rẹ̀. Búlọ́ọ̀kù pẹlẹbẹ mẹ́rin láti ṣọ́ọ̀bù ohun èlò ìkọ́lé ń ṣe iṣẹ́ yẹn dáadáa. Ẹ na họ́ọ̀sì tán, kí sílíńdà wà ní ọ̀nà ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́ bọ̀, kì í ṣe inú kòtò. Ẹ kò gbọ́dọ̀ gbé iná yìí wọ inú àgọ́ tàbí abẹ́ tapólì, bó ti wù kí òtútù máa pa yín tó, bí ẹ tilẹ̀ ṣí ẹnu àgọ́ sílẹ̀. Carbon monoxide, afẹ́fẹ́ olóró tó ń ti ara iná jáde, kò ní àwọ̀, kò sì ní òórùn. Ọmọ tó bá ń sùn kò ní mọ̀ pé òun ń mí in símú.

Wàyí o, síso họ́ọ̀sì. Ẹni tó ti ń lo gáàsì ìdáná ní Nàìjíríà á ti máa wá sípánà. Ẹ jù ú sílẹ̀. Ìdérí ńlá oní-pílásítíìkì tó wà lórí regulator, ìyẹn ohun tó ń dín agbára gáàsì kù bó ṣe ń jáde láti inú sílíńdà, ọwọ́ ni wọ́n ṣe é fún. Bí sípánà bá kàn án, ó lè sán, á sì bẹ̀rẹ̀ sí í jò láìjẹ́ pé ẹ rí i. Ẹ yí i sápá ọ̀tún títí tó fi dúró. Kí ẹ tó so ó, ẹ wo inú ẹnu sílíńdà: rọ́bà róbótó kan wà níbẹ̀. Bó bá ti sán tàbí tó ti já, ẹ má lo sílíńdà yẹn.

Lẹ́yìn náà ni ọṣẹ tí a fi ń wá ibi tí gáàsì ti ń jò, ohun tí gbogbo ènìyàn ń fò. Wọ́n á ní, "Ṣebí mo máa gbóòórùn rẹ̀." Lóòótọ́, wọ́n ń po nǹkan tó ń rùn bí ẹyin jíjẹrà mọ́ gáàsì kí imú lè mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ ni gáàsì wà, ẹ̀yin wà lóòró. Afẹ́fẹ́ ń fẹ́, ẹlòmíì ní ọ̀fìnkìn, imú àgbàlagbà kì í sì í mú bíi ti ọmọdé. A kì í fi iná sórí òrùlé sùn.

Ẹ po ọṣẹ ìfọbọ́ olómi mọ́ omi ní ìdajì-ìdajì. Ẹ rí i pé ibi tí à ń yí lára fire pit wà ní títì, kí ẹ wá rọra ṣí sílíńdà, kí gáàsì kún inú họ́ọ̀sì. Ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì ìkunlé kékeré kun ọṣẹ náà yí orí sílíńdà ká, yí ibi tí regulator ti pàdé rẹ̀, gba ara họ́ọ̀sì lọ, títí dé ibi tó wọ fire pit. Ẹ bẹ̀rẹ̀, kí ẹ sì wò ó fún ìṣẹ́jú kan gbáko. Jíjò ńlá á hó wuruwuru. Èyí tó ń tan èèyàn jẹ ni kékeré: ìfófó funfun tí kò ju orí abẹ́rẹ́ lọ, tó ń wú díẹ̀díẹ̀. Bí ẹ bá rí i, ẹ ti sílíńdà, ẹ tún un so, ẹ tún kun ún lọ́ṣẹ. Bó bá tún wú, ìrọ̀lẹ́ yẹn ti di ti aṣọ òtútù. Ẹ má lo téèpù, ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ìṣáná wá ibi tó ti ń jò. Gbogbo ìgbà tí ẹ bá pààrọ̀ sílíńdà, tàbí tí ẹ bá tú họ́ọ̀sì tí ẹ tún un so, ẹ ṣe é lọ́tun.

Títan iná: bí tiyín bá jẹ́ èyí tí à ń ṣáná sí, iná ló ń ṣáájú gáàsì. Ẹ gbé láítà ọlọ́rùn gígùn sẹ́bàá bọ́nà, kó ti máa jó, kí ẹ tó yí gáàsì sí i díẹ̀. Ẹ má bẹ̀rẹ̀ kanlẹ̀ sórí àwo náà. Bí kò bá mú láàárín ìṣẹ́jú-àáyá márùn-ún, ẹ tì í, kí ẹ sì dúró fún ìṣẹ́jú márùn-ún kíkún. Àwo náà ní kòtò, gáàsì tí ẹ ti ṣí sì ń bẹ nínú rẹ̀. Ẹni tó bá tún ṣáná sí i lójú ẹsẹ̀ ni ó ń jó irun ojú.

Bí iná bá mú àmọ́ tó kéré, tó ń jó fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, ẹ má yára sọ pé gáàsì ti tán. Ó ṣeé ṣe kí ẹ ti ṣí sílíńdà kíákíá nígbà tí ibi tí à ń yí lára fire pit ti wà ní ṣíṣí. Regulator rò pé họ́ọ̀sì ti já, ó sì dí gáàsì lọ́nà. Ẹ ti méjèèjì, ẹ tú regulator, ẹ tún un so, kí ẹ tún kun ún lọ́ṣẹ. Lẹ́yìn náà, ẹ rọra ṣí sílíńdà díẹ̀díẹ̀ nígbà tí fire pit ṣì wà ní títì. Ọ̀pọ̀ sílíńdà tó kún ni wọ́n ti gbé padà sí ṣọ́ọ̀bù nítorí èyí.

Òkúta tó bá a wá nìkan ni kó wà nínú àwo. Òkúta odò ń fa omi mu, bí iná bá sì mú un, ó lè bẹ́. Mo mọ̀ pé sùyá á máa wù yín, ṣùgbọ́n ọ̀rá tó bá kán á dí ihò bọ́nà. Ẹ gbé gírílì lọ fún ìyẹn.

Tí ẹ bá fẹ́ sùn, sílíńdà ni kí ẹ kọ́kọ́ tì, kí ìyókù inú họ́ọ̀sì jó tán, lẹ́yìn náà ni ẹ wá ti fire pit. Ẹ má da omi sí i. Ó di àárọ̀ kí ẹ tó tú u. Nílé, ẹ fi ọ̀rá náílọ́nù di ẹnu họ́ọ̀sì kí aláǹtakùn má bàa tàwú sínú rẹ̀, kí sílíńdà sì wà níta gbangba, lórí ìdúró, kó má ṣe wọ gáréèjì tàbí yàrá abẹ́ ilẹ̀.