Bí A Ṣe Ń Gbé Fóònù Ní Ṣọ́ọ̀bù Wa Báyìí

Oníbàárà kan pè láti Ìdànrè, ó fẹ́ àpò símẹ́ǹtì mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n. Jẹnẹrétọ̀ ń pariwo, ọmọ tó ń bá wa tajà sì gbọ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ohun tí ọkọ̀ gbé lọ nìyẹn. Àwọn bíríkìlà bàbá náà jókòó láti ọ̀sán, wọn ò ríṣẹ́ ṣe. Ó dùn mí gan-an, torí èmi ni ẹ̀gbọ́n mi fi ṣọ́ọ̀bù náà sílẹ̀ fún, ní Arákàlẹ̀, Àkúrẹ́ níbí. Mo pe bàbá, mo bẹ̀ wọ́n, a sì gbé àpò mẹ́wàá tó kù lọ nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. Owó ọkọ̀ wá látọ̀dọ̀ wa.

Ọjọ́ kejì ni mo gbájú mọ́ ọ̀rọ̀ fóònù yìí. Mo gbé e kúrò lẹ́nu ọ̀nà wá sínú, mo fi ìwé àti bíró tì í.

Ọmọ náà tún máa ń gbé e pé, "Hẹ́lò, ta ni?" Ó ń dà bíi pé à ń lé èèyàn lẹ́nu ọ̀nà. Mo ní kó kọ́kọ́ kí wọn, kó dárúkọ ṣọ́ọ̀bù, kó wá bi wọ́n pé, "Kí la lè bá yín ṣe?" Ó ní bó bá jẹ́ ọmọdé ló pè ńkọ́? Mo ní kó ṣáà máa fi "ẹ" bá gbogbo wọn sọ̀rọ̀. A kì í rí ojú ẹni lórí fóònù, ohùn àgbàlagbà mìíràn sì tín-ín-rín bíi ti ọmọ ọdún mẹ́wàá.

Iye ọjà ló gba àkókò jù. Mo ní kó máa ka á padà ní Yorùbá, kó tún wá tú u palẹ̀: "Mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n, méjì àti márùn-ún, àbí?" Mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kò lè fara pamọ́ síbẹ̀ mọ́, ọ̀kan àti márùn-ún nìyẹn. Ẹ̀yìn tí wọ́n bá ti ní bẹ́ẹ̀ ni ló tó lè kọ ọ́ sílẹ̀.

Bí kò bá mọ iye tí a ń tà á, kó má fi oníbàárà sórí ìlà, torí owó ẹni tó pè ló ń lọ. Kó ní kí wọ́n gé e, kó sì pè wọ́n padà kí ìṣẹ́jú márùn-ún tó pé. Mo tún kọ̀ fún un láti máa ṣí ohùn fóònù síta: iye tí a gbà fún ẹnìkan kì í ṣe ohun tí ẹlòmíì gbọ́dọ̀ gbọ́.

Lọ́jọ́ Sátidé, bàbá Ìdànrè tún pè. Mo dúró lẹ́yìn ọmọ náà. "Ọgbọ̀n, sà. Mẹ́ta àti òdo, àbí?" Bàbá ní bẹ́ẹ̀ ni, ọmọ náà wá mú bíró.