Má jẹ́ kó lé e lẹ́ẹ̀kan: àṣìṣe tí ó wọ́pọ̀ nígbà tí ajá tuntun bá wọ ilé ológbò

Ajá tí mo gbà tọ́ ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn wọ ilé mi ní ọ̀sán. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ó ti lé ológbò mi gun orí kọ́bọ́ọ̀dù. Kò bù ú jẹ, kò tilẹ̀ fara kàn án, nítorí náà mo ní kò séwu, wọn yóò mọ ara wọn bó bá yá. Oṣù mẹ́rin gbáko ni mo fi tún ohun tí ìṣẹ́jú kan yẹn bà jẹ́ ṣe. Ológbò tó ti ń sùn ní pálọ̀ láti kékeré kò yọjú síbẹ̀ mọ́. Ajá ní tirẹ̀ ti kọ́ ẹ̀kọ́ kan lójú ẹsẹ̀: nǹkan onírun kékeré yìí, bí òun bá ti fò mọ́ ọn, yóò sáré, lílé rẹ̀ sì dùn.

Bó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni mo ní láti sọ fún ẹni tó ń múra àtigba ajá, òun náà nìyẹn. Má ṣe jẹ́ kó rí ààyè lé ológbò, àní lẹ́ẹ̀kan.

Ìdí ni pé lójú ajá, lílé gan-an ni èrè. Kò dìgbà tó bá mú nǹkan kó tó gbádùn ara rẹ̀. Iṣẹ́ ọdẹ tó wà nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ní ìpele: yóò rí i, yóò tẹjú mọ́ ọn, yóò yọ́ tẹ̀ lé e, yóò lé e, yóò gbá a mú, yóò gbọ̀n ọ́n títí tí yóò fi kú. Ọmọ aráyé ti fọwọ́ kan àwọn ìpele yìí látọjọ́ pípẹ́, bí wọ́n ṣe ń yan irú ajá tí wọ́n fẹ́. Ajá darandaran bíi Border Collie, wọ́n fẹ́ kó tẹjú mọ́ àgùntàn kó sì dà á, àmọ́ wọn ò fẹ́ kó ṣe é léṣe. Greyhound, ohun tó bá ti ń sáré lójú rẹ̀ ló ń bá sáré. Púpọ̀ nínú àwọn terrier, eku pípa ni wọ́n fi sìn wọ́n, nítorí náà wọ́n lè bá iṣẹ́ náà dé òpin láìjáfara. Irú tí ajá jẹ́ kò sọ gbogbo rẹ̀ tán o, nítorí àwọn Greyhound wà tó ń bá ológbò sùn lórí àga kan náà. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá gba irú ajá bẹ́ẹ̀ sílé gbọ́dọ̀ fi kún ìṣọ́ra rẹ̀.

Gbígba ìdákẹ́jẹ́ ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ gbọ́

Ajá tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé láti ibi tí wọ́n ti ń tọ́jú ajá tí kò nílé, ẹ̀rù ló ń bà á. Òórùn tuntun, ohùn tuntun, ibùsùn tuntun. Ó lè dùbúlẹ̀ sí kọ̀rọ̀ kó má tilẹ̀ gbójú sókè nígbà tí ológbò bá ń kọjá. Onílé á ní, “Ẹ ò rí i, ajá yìí gbọ́n, kò ka ológbò sí.” Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, nígbà tí ara ajá bá balẹ̀, ni ìwà rẹ̀ gan-an tó ń yọjú, nígbà yẹn onílé ti ṣí gbogbo ilẹ̀kùn sílẹ̀ tán.

Àwọn tó ń gba ajá là máa ń ka 3-3-3: nǹkan bí ọjọ́ 3 kí ìpayà tó dínkù, ọ̀sẹ̀ 3 kó tó mọ bí ilé náà ṣe ń rìn, oṣù 3 kó tó gbà pé ilé òun nìyí. Kì í ṣe òfin, ajá kan yàtọ̀ sí èkejì, àmọ́ ó dáa kó wà lọ́kàn èèyàn. Bí wọ́n bá sì sọ fún ọ pé ó ti bá ológbò gbé rí, béèrè irú ológbò tó jẹ́. Ológbò tó dúró gbọnin tó sì gbá ajá létí kò jọ ológbò ojo tó máa ń sá kiri ilé. Ajá kan náà lè bá ti àkọ́kọ́ gbé ní àlàáfíà kó sì pa èkejì.

Fífi wọ́n kojú ara wọn lọ́jọ́ tí ajá dé

Èyí ni àṣìṣe tèmi, òun náà ló sì pọ̀ jù. A máa ń rò pé bí àlejò ṣe wọlé ni ká fi onílé hàn án. Ológbò kò fẹ́ bẹ́ẹ̀. Fún un, ilé ni gbogbo ayé, ajá sì ni ẹranko ńlá tó já wọ inú rẹ̀ láìkàn ilẹ̀kùn.

Kí ajá tó dé, ya yàrá kan sọ́tọ̀ fún ológbò, èyí tó ní ilẹ̀kùn tó ń tì. Oúnjẹ rẹ̀, omi rẹ̀, àpótí iyanrìn tó ń yàgbẹ́ sí, ibi tó lè sá pamọ́ sí àti ibi gíga tó lè gùn, kí gbogbo rẹ̀ wà nínú yàrá náà. Ibi gíga yẹn ṣe pàtàkì ju bí ọ̀pọ̀ ṣe rò lọ. Ológbò tó bá wà lókè tó ń wo ajá nísàlẹ̀ kì í nílò láti sá, ológbò tí kò bá sì sá kì í fa ajá láti lé e. Nínú ilé yòókù náà, pèsè pẹpẹ tàbí orí kọ́bọ́ọ̀dù tó mọ́ fo, kó fi lè gba òkè kọjá bí kò bá fẹ́ fẹsẹ̀ kan ilẹ̀.

Ní ọjọ́ mélòó kan àkọ́kọ́, kí wọ́n má rí ara wọn rárá. Imú ni kí wọ́n kọ́kọ́ fi mọ ara wọn. Mú aṣọ kékeré kan, fi ra ẹ̀rẹ̀kẹ́ ológbò, níbi tí òórùn ara rẹ̀ ti ń jáde jù, kí o sì tẹ́ ẹ sí ẹ̀gbẹ́ àwo oúnjẹ ajá. Ṣe bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú aṣọ ajá fún ológbò. Bí ajá bá jáde rìn, jẹ́ kí ológbò jáde wá gbóòórùn káàkiri ilé. Lẹ́yìn náà, máa fún àwọn méjèèjì lóúnjẹ ní ẹ̀gbẹ́ méjì ilẹ̀kùn kan náà tó wà ní títì, kí àwo jìnnà sí ilẹ̀kùn ní ìbẹ̀rẹ̀, kó sì máa súnmọ́ ọn díẹ̀díẹ̀. Bí ọ̀kan bá kọ oúnjẹ, o ti yára jù, sún un sẹ́yìn.

Ìgbà tí wọ́n bá ń jẹun níbẹ̀ láìsí ìdààmú ni kí wọ́n tó rí ara wọn, kí géètì tó ga wà láàárín, kí okùn wà lọ́rùn ajá, kí ajá náà sì ti rìn dáadáa ṣáájú kí agbára rẹ̀ ti rọlẹ̀. Ìṣẹ́jú méjì tó. Ajá wo ológbò, ajá yíjú sí ọ, o fún un ní ìpápánu. Ó tún wò ó, ó tún yíjú, o tún fún un. Ohun tí ò ń kọ́ ọ ni pé ológbò tó yọ túmọ̀ sí kí n wo olówó mi. Kọ́ ọ ní “fi í sílẹ̀” àti “wá” kí ọ̀rọ̀ ológbò tó dé, pẹ̀lú bọ́ọ̀lù, pẹ̀lú egungun. Ajá tí kò lè fi bọ́ọ̀lù sílẹ̀ kò lè fi ológbò sílẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ mélòó ni gbogbo èyí máa gbà? Fún àwọn kan, ọ̀sẹ̀ méjì. Fún àwọn mìíràn, oṣù mẹ́fà. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fagbára mú ní í le koko. Kò sí ibi tí mo ti rí i kí òwe yẹn ṣẹ tó báyìí.

Gbígbé ológbò sọ́wọ́ lọ bá ajá

Má ṣe é. Ológbò tí a dì mú mọ̀ pé òun kò lè sá, èékánná rẹ̀ yóò sì gba ojú àti ọrùn rẹ kọjá. Ajá á fò mọ́ ohun tó wà lókè lọ́wọ́ rẹ, ohun tó sì yẹ kó jẹ́ ìfínimọni á di ìjà láàárín ẹni mẹ́ta. Bákan náà ni kí o má ti ajá mọ́ inú kéèjì, kí ológbò wá máa rìn yí i ká bó ti ń gbó. Ìbínú tó ń kó jọ síbẹ̀ kò ní lọ sí ibì kankan títí dìgbà tí ilẹ̀kùn kéèjì bá ṣí.

Nínà ajá nígbà tó bá wo ológbò

O na ajá, ajá jẹ́jẹ́, o rò pé ó ti gbọ́. Àmọ́ ìṣirò tí ajá ṣe ni pé bí ológbò bá ti yọ, ìrora ń bọ̀. Ó ti wá ní ìdí láti kórìíra rẹ̀. Èyí tó tún burú ni pé ajá tí wọ́n ń nà nítorí pé ó kùn yóò jáwọ́ nínú kíkùn, yóò sì máa bù jẹ láìkìlọ̀. Kíkùn jẹ́ ìkìlọ̀ tó ń ṣe wá lóore. Bí ajá bá kùn, mú un jìnnà sí ológbò, má nà án.

Kíka ìrù àti ojú lódìkejì

Ajá tó ń jùrù kì í ṣe ajá tínú rẹ̀ dùn nígbà gbogbo. Ìrù tó nàró tó ń mì tìtìtì pẹ̀lú ara tó le lè jẹ́ ti ajá tó fẹ́ kù gìrì. Ohun tí mo máa ń wò ni ẹnu àti ojú. Ẹnu tó pa dé lójijì, ojú tí kò ṣẹ́, etí tó yí síwájú, ara tó dúró bí òkúta tàbí tó ń gbọ̀n, ajá tí kò gbọ́ orúkọ rẹ̀ tí kò sì gba ìpápánu tó fẹ́ràn jù: ajá yẹn ti wọ inú igbó ọdẹ. Fi okùn mú un kúrò níbẹ̀ láìpariwo, jẹ́ kí ibi tí wọ́n yóò ti ríra wọn lọ́jọ́ mìíràn jìnnà sí i.

Àwọn méjèèjì kì í sì í sọ èdè kan náà. Ajá tó gbé ẹsẹ̀ iwájú kan sókè lè máa pe ẹni sí eré. Ológbò tó gbé e sókè fẹ́ gbáni. Ajá tó fẹ̀yìn lélẹ̀ lè máa tọrọ àlàáfíà, ológbò tó fẹ̀yìn lélẹ̀ níwájú ajá ti tú ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pẹ̀lú èékánná wọn sílẹ̀ fún ogun. Èékánná yẹn lè ya ẹyinjú ajá, pàápàá ajá tí ojú rẹ̀ yọ síta bíi Pug.

Gbígbàgbé ológbò

Gbogbo ojú á máa wà lára ajá. Ológbò kì í gbó, kì í fọ́ nǹkan, a sì máa ń rò pé ó ti gbà. Wò ó dáadáa. Ṣé ó ń jẹun? Ṣé ó ń lo àpótí iyanrìn rẹ̀ àbí ó ti ń tọ̀ sórí ibùsùn? Ṣé ó ti ń lá irun ara rẹ̀ títí ibì kan fi pá? Ológbò tí kò jẹun rárá fún odindi ọjọ́ kan, pe dókítà ẹran, má retí ọjọ́ kẹta, nítorí ọ̀rá lè tètè kó jọ sínú ẹ̀dọ̀ ológbò tí kò jẹun, àrùn náà sì ń pa á. Àwọn ológbò tó sanra ló ń ṣe jù.

Fi àpótí iyanrìn síbi tí ajá kò lè dé, torí ọ̀pọ̀ ajá ń jẹ ìgbẹ́ ológbò, ológbò tí wọ́n bá sì ká mọ́ ibẹ̀ lẹ́ẹ̀kan kò ní fẹ́ padà síbẹ̀. Má ṣe jẹ́ kí oúnjẹ ajá di oúnjẹ ológbò náà. Ológbò nílò èròjà aṣaralóore kan tí wọ́n ń pè ní taurine nínú oúnjẹ rẹ̀, èyí tí oúnjẹ ajá kì í sábà ní tó, àìtó rẹ̀ sì ń ba ọkàn àti ojú rẹ̀ jẹ́.

Oògùn eégbọn

Ọ̀rọ̀ yìí ń dùn mí, nítorí ìfẹ́ ló sábà máa ń fà á. Ajá dé pẹ̀lú eégbọn, onílé ra oògùn tí wọ́n ń kán sí ẹ̀yìn ajá, ó sì kán ìyókù sí ológbò lára. Púpọ̀ nínú oògùn ajá wọ̀nyí ní permethrin nínú, ìyẹn èròjà kan tó ń pa kòkòrò. Ẹ̀dọ̀ ológbò kò lè fọ́ ọ dànù bí ti ajá. Yóò bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, gìrì á mú un, ó sì lè kú. Kódà ológbò tó kàn fara ti ajá tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kán an sí lára tàbí tó lá irun rẹ̀ lè kó sínú ewu yìí. Ka ara páálí rẹ̀, béèrè lọ́wọ́ dókítà ẹran èyí tí kò léwu nínú ilé tí ológbò wà, kí o sì rí i pé àwọn méjèèjì ti gba abẹ́rẹ́ àrùn dìgbòlugi.

Fífi àwọn nìkan sílẹ̀

Bí o bá ń jáde, kódà fún ìṣẹ́jú márùn-ún, ti ilẹ̀kùn kan sáàárín wọn. Oṣù lọ́nà oṣù ni mo fi ń ṣe bẹ́ẹ̀, mi ò sì kábàámọ̀ rẹ̀. Rántí pẹ̀lú pé àlàáfíà inú ilé kì í bá wọn dé àgbàlá. Ajá tó ń sùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ológbò ní pálọ̀ lè rí i níta tó ń sáré kọjá, kó má tilẹ̀ dá a mọ̀ mọ́. Bí ajá bá gbá ológbò mú tó sì gbọ̀n ọ́n, gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà lójú ẹsẹ̀, kódà bí o kò rí ẹ̀jẹ̀. Ihò eyín máa ń kéré lára awọ, ìpalára abẹ́ rẹ̀ á sì pọ̀.

Àwọn ajá kan wà tí wọn kò ní lè bá ológbò gbé láé. Bó ti wù kí o kọ́ ọ tó, bó bá ti rí i, ojú rẹ̀ á yí padà. Ẹ lè ya ilé sí méjì títí ayé bí ilé bá gbà á. Bí kò bá gbà á, ẹ bá ajá náà wá ilé tí kò sí ológbò ṣáájú kí jàǹbá tó ṣẹlẹ̀, kí ẹ sì kọ gbogbo ohun tí ẹ rí sílẹ̀ fún ẹni tó máa gbà á: ibi tí ológbò wà, bí ó ṣe jìnnà tó, ohun tí ajá ṣe, bí ó ṣe pẹ́ tó kí ó tó gbọ́ orúkọ rẹ̀.