Oúnjẹ tó yẹ kí abo àgùntàn máa jẹ kí àgbò tó gùn ún

Tí abo àgùntàn yín bá ń bí ẹyọ kan ṣoṣo nígbà gbogbo, tàbí tí àgbò ń gùn ún àmọ́ tí oyún ò dúró, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má tíì ta àgbò yẹn, ẹ kọ́kọ́ wo nǹkan tí abo ń jẹ. Oúnjẹ bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ṣáájú kí àgbò tó dé ọ̀dọ̀ ẹ̀ wà lára ohun tó ń pinnu bóyá ẹyin kan ló máa já sílẹ̀ nínú ẹ̀ tàbí méjì. Àgùntàn tó rù díẹ̀ tẹ́lẹ̀ àmọ́ tí ara ẹ̀ ti ń bọ̀ sípò lásìkò yẹn máa ń já ẹyin sílẹ̀ ju èyí tó ṣì ń rù lọ. Flushing làwọn dókítà ẹran ń pe bíbọ́ abo dáadáa kí àgbò tó dé báyìí. Owó ńlá kọ́ ló ń gbà, kẹ́ ẹ ṣá ti bẹ̀rẹ̀ lásìkò.

Àgùntàn tiwa ò dà bíi tàwọn ìlú olótùútù tó máa ń dúró di ìgbà tí ọ̀sán bá ń kúrú kó tó wá akọ, tiwa lè wá akọ nígbàkigbà láàárín ọdún, ebi sì wà lára ohun tó máa ń dí i lọ́wọ́ jù. N'Íbàdàn ńbí, láti oṣù kejìlá títí òjò á fi bẹ̀rẹ̀ ní nǹkan bí oṣù kẹta, koríko ti gbẹ, kò fi bẹ́ẹ̀ ní oúnjẹ nínú mọ́, ìgbà yẹn gan-an lọ̀pọ̀ èèyàn sì ń da ẹran wọn sílẹ̀ kó máa wá nǹkan jẹ kiri àdúgbò.

Kẹ́ ẹ tó ra fíìdì kankan, ẹ fọwọ́ kàn wọ́n lẹ́yìn. Ẹ má fojú wo ikùn o, ikùn ńlá lè jẹ́ koríko, ó sì lè jẹ́ aràn. Ẹ gbé ọwọ́ lé egungun ẹ̀yìn, níbi tí egungun ìhà ti parí kó tó dé ìbàdí, kẹ́ ẹ wá fún un ní máàkì láti 1 dé 5. Tí egungun yẹn bá mú bí ẹ̀yìn ọ̀bẹ tí ìka yín sì ń wọ abẹ́ egungun ẹ̀gbẹ́ wẹ́rẹ́, 1 nìyẹn. Tẹ́ ẹ bá ní láti tẹ̀ ẹ́ díẹ̀ kẹ́ ẹ tó rí egungun, tí ẹran sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, 3 nìyẹn, ibẹ̀ la fẹ́ kí wọ́n wà tí àgbò bá dé. Tẹ́ ẹ bá tẹ̀ ẹ́ títí tẹ́ ò rí egungun, 5 ni. Àwọn tó wà ní 2 sí 2.5 ni fíìdì yìí ń ṣiṣẹ́ fún jù. Èyí tó ti wà ní 4 lọ sókè kò nílò ẹ̀, koríko ti tó o, ọ̀rá àpọ̀jù gan-an lè má jẹ́ kó lóyún. Èyí tó wà ní 1, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ò lè tó o láé, ẹ gba ọmú lẹ́nu ọmọ ẹ̀ tọ́mọ bá ti dàgbà tó, ẹ lo oògùn aràn, ẹ bọ́ ọ fún bí oṣù méjì, kó fo àgbò tọ̀tẹ̀ yìí.

Koríko àti ewé ṣì ni oúnjẹ wọn o. Ohun tá a máa fi kún un ò ju ìdá kan nínú mẹ́rin kílò sí ìdajì kílò fún orí kan lóòjọ́: àwọn kúkúrú ilẹ̀ wa yìí, ìdá kan nínú mẹ́rin ti tó, Yankasa tàbí Balami, àwọn àgùntàn ńlá ilẹ̀ Hausa, ló máa jẹ ìdajì. Ẹ fi ìwọ̀n wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀kan, kẹ́ ẹ fi máàkì sára abọ́. Èèpo ẹ̀gẹ́ lọ̀dọ̀ àwọn tó ń ṣe gàrí ló rọrùn rí jù, àmọ́ ẹ má fún wọn ní tútù, sáyánáìdì wà nínú ẹ̀, ó ń pa ẹran. Ẹ sá a kó gbẹ gan-an. Àwọn ILRI, iléeṣẹ́ tó ń ṣèwádìí nípa ẹran ọ̀sìn, tó wà nínú IITA, iléeṣẹ́ ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ tó wà lọ́nà Ọ̀yọ́, ti ṣe iṣẹ́ tó dáa lórí èyí, wọ́n ń rin èèpo yẹn, wọ́n ń fún omi ẹ̀ dànù kí wọ́n tó sá a, kì í pẹ́ gbẹ rárá. Èèpo nìkan ò tó ṣá, agbára ló ní, kò ní púrótíìnì, ẹ po PKC (èyí tó ṣẹ́ kù lẹ́yìn tí wọ́n bá ti fún òróró èkùrọ́) tàbí èèrí ògì mọ́ ọn, kẹ́ ẹ sì máa já ewé agunmánìyè àti ewé ìyeyè fún wọn.

Díẹ̀díẹ̀ ni kẹ́ ẹ fi bẹ̀rẹ̀ o, ẹ̀kúnwọ́ kan lọ́jọ́ àkọ́kọ́, kó tó ọ̀sẹ̀ kan sí ọjọ́ mẹ́wàá kó tó pé iye tó yẹ. Àgbàdo tàbí ìrẹsì àríyá tó ṣẹ́ kù tẹ́ ẹ dà sílẹ̀ fún wọn lẹ́ẹ̀kan náà lè kan nínú ikùn wọn, kí wọ́n kú mọ́jú. Fíìdì adìyẹ ńkọ́? Rárá o, kọ́pà (èròjà bàbà) tó wà nínú ẹ̀ lè pọ̀ jù fún àgùntàn.

Àgbò náà ń jẹun o! Àtọ̀ tó máa lò, nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méje ló fi ń ṣe é nínú ara, torí náà oṣù méjì ṣáájú ni kẹ́ ẹ ti máa fún un ní fíìdì tó ní púrótíìnì, kó lágbára, kó má sanra jù.

Tó bá ti wọlé tán, ẹ jẹ́ kó lò tó ọ̀sẹ̀ márùn-ún, torí ọjọ́ 17-17 ni abo fi ń padà wá akọ. Ẹ po osùn mọ́ gírísì, ẹ fi pa á láyà, á máa hàn lẹ́yìn àwọn tó ti gùn. Lẹ́yìn ọjọ́ 17 ẹ pààrọ̀ àwọ̀, tí èyí tó pọ̀ bá tún ní àwọ̀ tuntun, ẹ pe dókítà ẹran wá yẹ àgbò wò. Ẹ má já fíìdì gbà lẹ́nu abo lójijì, ẹ jẹ́ kó jẹ ẹ́ fún ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta sí i, kẹ́ ẹ máa dín in kù díẹ̀díẹ̀. Oyún ò tíì so mọ́lé dáadáa lóṣù àkọ́kọ́, ebi, ìrìn àjò nínú mọ́tò àti ajá tó ń lé wọn kiri lè bà á jẹ́, bẹ́ẹ̀ náà ni kẹ́ ẹ má fi kún fíìdì lójijì.

Lẹ́yìn ìyẹn koríko dáadáa àti omi ti tó, títí á fi ku ọ̀sẹ̀ mẹ́fà kó bímọ ní nǹkan bí oṣù karùn-ún oyún, ìgbà yẹn ni kẹ́ ẹ dá fíìdì padà, pàápàá fún èyí tó bá lóyún ìbejì.