Òkè Teide àti àpáta ẹ̀yìn ilé wa

Àpáta kan wà lẹ́yìn ilé bàbá mi ní Kàbà. Orí rẹ̀ la ti máa ń sá èlùbọ́ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, orí rẹ̀ náà la sì ti ń gba atẹ́gùn bí oòrùn bá ti rọlẹ̀. Ọdún kejìdínlógún rèé tí mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ ilé ìwé girama ní jọ́gíráfì. Lọ́dọọdún ni mo máa ń ya òkè ayọnáyèéfín sójú pátákó, tí màá fi ṣọ́ọ̀kì pupa kun ẹnu rẹ̀, àmọ́ n kò fojú kan ọ̀kan rí. Ìparí oṣù karùn-ún ọdún tó kọjá ni Ọlọ́run ṣe é, tí mo dé erékùṣù Tenerife lọ́dọ̀ àbúrò mi obìnrin, ẹni tó ń ṣiṣẹ́ nílé ìdáná òtẹ́ẹ̀lì kan níbẹ̀.

Ẹ̀yin ará ilé tí ẹ ń béèrè pé báwo la ṣe lọ, kí la mú dání, ṣé ẹ̀rù ò bà mí, ẹ̀yin ni mo ń kọ èyí sí. Okun o, bí a ṣe ń kí ara wa nílé.

Abẹ́ ìjọba Sípéènì ni Tenerife wà, ṣùgbọ́n etíkun Áfíríkà ló sún mọ́ jù, nǹkan bí 300 kìlómítà. Iná abẹ́ òkun ló kọ́ gbogbo erékùṣù náà láti ìsàlẹ̀ dókè. Òkè tó wà láàárín rẹ̀, Teide, ga ní mítà 3,715, kò sì sí òkè mìíràn ní ilẹ̀ Sípéènì tó ga tó o. Bí a bá wá wọ̀n ọ́n láti ìsàlẹ̀ òkun níbi tí gbòǹgbò rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mítà 7,500. Ẹ rántí pé Òkè Patti tó ga gègèrè lórí Lọ́kọ́jà yẹn, kò tó mítà 500.

Àbúrò mi ti fẹ́ ká háyà mọ́tò kékeré, káwa méjèèjì máa wa ara wa lọ. Mo ní rárá, ẹ bá mi wá amọ̀nà. Èrò tèmi ni pé ẹni tó bá lọ síbi tí kò mọ̀ láìmú ẹni tó mọ̀ ọ́n dání, fọ́tò nìkan ni yóò mú bọ̀. Ó bá san owó bọ́ọ̀sì àwọn tó ń mú àlejò lọ lówùúrọ̀ tí wọ́n sì ń dá wọn padà nírọ̀lẹ́. Tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ orí wáyà tó ń gbéni lọ sí apá òkè pátápátá, ọ̀tọ̀ là ń ra ìyẹn, wákàtí téèyàn máa wọ̀ ọ́ sì wà lára rẹ̀. Ó yẹ kẹ́ ẹ ti rà á ní ọjọ́ mélòó kan ṣáájú. Ẹni tó bá sì fẹ́ fi ẹsẹ̀ tẹ ṣóńṣó orí òkè náà gan-an tún gbọ́dọ̀ gba ìwé àṣẹ mìíràn, nítorí wọn kì í jẹ́ kí èrò pọ̀ níbẹ̀. Àwa ò gba ìyẹn.

Lọ́jọ́ tá a kọ́kọ́ dá, atẹ́gùn fẹ́ púpọ̀ lókè, ọkọ̀ orí wáyà kò ṣiṣẹ́. Bí atẹ́gùn bá ti le, wọn kì í jẹ́ kó gbéra, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀. Wọ́n sún wa sí ọjọ́ kejì sí i. Nítorí náà, ẹ má ṣe fi ìrìn àjò òkè sí ọjọ́ tó kẹ́yìn nínú ọjọ́ tẹ́ ẹ ní.

Aṣọ ni ohun tó máa ń tan èèyàn jẹ. Létíkun, oòrùn ń ràn, àwọn èèyàn wọ ṣòkòtò péńpé. Àbúrò mi ní, "Àǹtí mi, ẹ mú súwẹ́tà yín o." Èyí tí mo fi ń wọ inú ọyẹ́ ní Kàbà ni mo mú, mo tún fi aṣọ òjò lé e. A mú omi, fìlà, bàtà tó bo ọmọ ìka ẹsẹ̀, àti àkàrà tí àbúrò mi dín ní ìdájí.

Bọ́ọ̀sì gbé wa ní Los Cristianos ní aago mẹ́jọ ààbọ̀. Amọ̀nà wa jẹ́ obìnrin tí wọ́n bí sí erékùṣù náà, bàbá rẹ̀ sì ti da ewúrẹ́ lẹ́bàá òkè yẹn. Ó ń fi èdè Sípéènì àti Òyìnbó sọ̀rọ̀, àbúrò mi sì ń tú èyí tí n kò bá gbọ́. Oko ọ̀gẹ̀dẹ̀ ló wà nísàlẹ̀. Bí a ṣe gòkè díẹ̀, ilẹ̀ gbẹ, mo sì rí igi kan tó nàró bí ìka ọwọ́, aláwọ̀ ewé, ẹlẹ́gùn-ún. Mo ní, "Oró rèé!" Mọ̀lẹ́bí oró tí a fi ń ṣọgbà nílé ni lóòótọ́, oje funfun tó wà nínú rẹ̀ náà sì lè ba ojú jẹ́. Inú mi dùn bí ẹni tó pàdé ará ìlú rẹ̀ lọ́jà.

Lẹ́yìn abúlé Vilaflor, a wọ inú igbó igi páìnì. Amọ̀nà ní kí awakọ̀ dúró. Ó fi ọwọ́ kan èèpo igi kan tó ti jó dúdú bí èédú, ó sì tọ́ka sí ewé tútù tó ń hù jáde lára rẹ̀. Igi páìnì ti erékùṣù yẹn kì í sábà kú sínú iná, èèpo rẹ̀ nípọn, ó sì máa ń rúwé padà. Ó sọ̀rọ̀ iná ńlá tó jó igbó wọn ní oṣù kẹjọ ọdún 2023, ohùn rẹ̀ sì rẹlẹ̀. Mo ronú kan igi emi àti igi igbá tiwa tí iná igbó ń là kọjá lọ́dọọdún. Ó ní ewé páìnì tó rí bí abẹ́rẹ́ yẹn ló ń gba omi lára ìkùukùu, tí omi náà ń kán sílẹ̀ tó sì ń wọlẹ̀ lọ. Igbó yìí wà lára ohun tó ń fún wọn ní omi mímu.

Lẹ́yìn náà ni igbó dá, tí ilẹ̀ ṣí sílẹ̀ gbayawu, tí Teide sì dúró níwájú wa. Gbogbo ẹni tó wà nínú bọ́ọ̀sì dákẹ́.

Kòtò gbàgede kan ni wọ́n ń pè ní Las Cañadas. Fífẹ̀ rẹ̀ tó kìlómítà 16, ògiri àpáta sì yí apá kan rẹ̀ ká. Òkè àtijọ́ kan ló wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ó wó, Teide sì hù láàárín àwókù rẹ̀. Mo ti kọ èyí sójú pátákó rí lọ́pọ̀ ìgbà. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo dúró sínú rẹ̀, tí mo ní láti yí orí pátápátá kí n tó rí ògiri tó kù, mo mọ̀ pé n kò tíì lóye ọ̀rọ̀ tí mo ń kọ́ àwọn ọmọ.

Ní apá kan, ilẹ̀ dúdú kirikiri, ó sì ga, ó rọlẹ̀, bí oko iṣu tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ ebè sí. Èyí ni àpáta yíyọ́ tó ṣàn jáde lẹ́gbẹ̀ẹ́ òkè ní ọdún 1798. Oṣù mẹ́ta ló fi tú. Ó ti lé ní igba ọdún, síbẹ̀ koríko ò tíì rí ibi rọ̀ mọ́ dáadáa. Iná tó yọ kẹ́yìn ní erékùṣù náà jẹ́ ti ọdún 1909, ní ibi tí wọ́n ń pè ní Chinyero.

A fi ẹsẹ̀ rìn láàárín àwọn òpó àpáta tó ń jẹ́ Roques de García. Èyí tó lókìkí jù, Roque Cinchado, fẹ̀ lókè, ó tín-ín-rín nísàlẹ̀, ó dà bíi pé yóò ṣubú. Wọ́n ti ya àwòrán rẹ̀ sára owó 1,000 peseta wọn àtijọ́. Amọ̀nà ní àpáta ìsàlẹ̀ rẹ̀ rọ̀ ju ti òkè lọ, ìdí nìyẹn tí òjò àti atẹ́gùn fi jẹ ẹsẹ̀ rẹ̀. Ní ìdí àpáta la ti rí òdòdó kan tó ga ju mí lọ, tajinaste, pupa bí aṣọ tí àwọn ará Bùnú ń hun fún ìsìnkú àwọn olóyè láyé àtijọ́. Oyin bò ó. Ẹ̀ẹ̀kan péré ló ń tanná láyé rẹ̀, lẹ́yìn náà ó kú.

Ọ̀gbẹ́ni kan nínú wa mú òkúta dúdú kan sápò. Amọ̀nà rí i, ó sì fi ohùn jẹ́jẹ́ ní kó dá a padà síbi tó ti mú un, ó tún dúró wò ó títí tó fi dá a padà. Láti ọdún 1954 ni wọ́n ti fi òfin dáàbò bo ibẹ̀, UNESCO sì fi í sára àwọn ibi àjogúnbá gbogbo ayé ní ọdún 2007.

Ọkọ̀ orí wáyà gbéra láti mítà 2,356, ó sì gbé wa dé 3,555 ní ìṣẹ́jú mẹ́jọ. Ibẹ̀ ni kẹ́ ẹ ti ṣọ́ra. Ayọ̀ gbé mi, mo sáré gun àtẹ̀gùn mẹ́wàá péré, orí mi fò lọ, àyà mi ń lù kìkìkì. Afẹ́fẹ́ ibẹ̀ fúyẹ́ gan-an. Amọ̀nà dì mí mú, àbúrò mi ní, "Àǹtí, ó ní kẹ́ ẹ jókòó, kẹ́ ẹ máa mí díẹ̀díẹ̀, kẹ́ ẹ má sọ̀rọ̀." Òòyì náà lọ, ara mi sì balẹ̀. Aláboyún àti ẹni tó ní àrùn ọkàn, ẹ dúró nísàlẹ̀, ohun téèyàn ń wò nísàlẹ̀ pọ̀ tó.

Ìkùukùu tẹ́ rẹrẹ nísàlẹ̀ wa bí òwú tí wọ́n tú sórí ẹní. A rí àwọn erékùṣù mìíràn: a rí La Gomera, a rí La Palma níbi tí iná ti yọ fún nǹkan bí oṣù mẹ́ta ní ọdún 2021. Èéfín gbígbóná ń jáde láti inú ihò àpáta, òórùn imí ọjọ́ sì wà lára rẹ̀. Mo na ọwọ́ sí i, ó gbóná wọ́ọ́rọ́ nínú òtútù yẹn. Gran Canaria ní ìlà oòrùn ṣókùnkùn, eruku bò ó. Amọ̀nà ní calima ni, eruku tí atẹ́gùn ń gbé wá láti aṣálẹ̀ Sàhárà. Mo ní kí àbúrò mi sọ fún un pé a mọ eruku yìí, pé òun ló ń kun ewé wa láwọ̀ pupa láti oṣù kọkànlá, pé ọyẹ́ là ń pè é. Ó ní kí n tún un pè. Mo tún un pè. Ó pè é tẹ̀ lé mi, ó sì pè é dáadáa.

A jókòó, ó sì sọ̀rọ̀ àwọn Guanche tó ni ilẹ̀ náà kí àwọn ará Sípéènì tó gbà á tán lọ́dún 1496. Wọ́n gbà pé ẹ̀mí búburú kan, Guayota, jí oòrùn gbé sínú òkè yẹn, pé Achamán Ọlọ́run wọn ló gbà á sílẹ̀ tó sì sé Guayota mọ́ ibẹ̀. Àwa náà sọ tiwa fún un, bí ìyá ìyá wa ṣe ń ròyìn pé àwọn baba wa sá gun orí àpáta nígbà tí àwọn ẹlẹ́ṣin Núpé ń wá kó ẹrú, tí wọ́n ń gbé lókè títí agbára Bídà, olú ìlú Núpé, fi wó lọ́dún 1897 kí wọ́n tó máa sọ̀kalẹ̀.

Ó bi mí pé irú àpáta wo ni. Mo ní gíránáìtì ni, pé kékeré ni lẹ́gbẹ̀ẹ́ eléyìí. Ó mi orí. Ó ní Teide tí a jókòó lé yìí kò tíì tó ọdún 200,000, àti pé ibi tó dàgbà jù ní gbogbo erékùṣù wọn kò tó mílíọ̀nù ọdún 12. Gíránáìtì kì í tú jáde bíi ti Teide. Iná náà ló dá a, ṣùgbọ́n ìsàlẹ̀ ilẹ̀ lọ́hùn-ún ló ti tutù díẹ̀díẹ̀, gbogbo ilẹ̀ tó bò ó sì gbọ́dọ̀ wẹ̀ lọ tán kí ó tó rí oòrùn. "Tiyín ni àgbà," ni àbúrò mi fi tú u.

Ara mi bù máṣọ. Èmi náà mọ̀ pé gíránáìtì ilẹ̀ wa tó nǹkan bí mílíọ̀nù ọdún 600. Mo máa ń bi àwọn ọmọ ní ìdánwò. Ṣùgbọ́n n kò so ó mọ́ ibi tí a ń sá èlùbọ́ sí rí.

A délé ní aago mẹ́fà. N kò ní sọ púpọ̀ nípa ìrìn àjò padà sí Nàìjíríà.

Nígbà tí ilé ìwé wọlé ní oṣù kẹsàn-án, mo tọrọ àyè lọ́wọ́ ọ̀gá wa, mo sì kó kíláàsì mi lọ sẹ́yìn ilé bàbá mi. Mo ṣe é bí obìnrin yẹn ṣe ṣe é. Mo ní kí wọ́n kọ́kọ́ dákẹ́. Mo fi àwọn hóró tó ń dán lára àpáta hàn wọ́n, mo ní kí wọ́n fi ọwọ́ pa á, mo ṣàlàyé pé hóró náà tóbi nítorí pé pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ló tutù. Mo fi ibi tó ń bó bí èèpo àlùbọ́sà hàn wọ́n, àti kòtò róbótó tí àwọn ìyá wa fi lọ nǹkan títí ó fi jìn. Mo pe ìyá àgbà kan láti agboolé wa wá sọ bí wọ́n ṣe sá gòkè. Ó jókòó sórí àpótí, ó fi ọ̀pá júwe ọ̀nà, àwọn ọmọ tí wọn kì í gbọ́ràn ní kíláàsì sì yí i ká.

Ọmọdébìnrin kan gbé àtẹ́lẹwọ́ lé àpáta. Nǹkan bí aago mẹ́ta ọ̀sán ni, ó gbóná.

"Mà, ṣé iná yẹn ṣì wà nínú rẹ̀ ni?"

Mo ní rárá, oòrùn òní nìyẹn. Iná tirẹ̀ ti kú kí ẹ̀dá kankan tó ní ojú tó lè rí i. Kò gbé ọwọ́ rẹ̀ kúrò.