Bí mo ṣe lọ wo bọ́ọ̀lù ní Sandygate

Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo dáwọ́ lé lílọ wo bọ́ọ̀lù àwọn ẹgbẹ́ kéékèèké, mi ò rí bọ́ọ̀lù kankan wò. Wákàtí méjì ni mo fi jókòó nínú ọkọ̀ lọ sí pápá ẹgbẹ́ kékeré kan ní àríwá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Nígbà tí mo débẹ̀, àgádágodo ló wà lẹ́nu géètì. Òjò ti rọ̀ mọ́jú, rẹfirí wá wo ilẹ̀ láàárọ̀, ó ní omi ti pọ̀ jù, wọ́n sì sún ìdíje náà sí ọjọ́ mìíràn. Èmi ni mi ò wádìí kí n tó kúrò nílé. Àwọn ẹgbẹ́ ńlá ní ohun tó ń mú ilẹ̀ pápá wọn gbóná lábẹ́ kòríko kí yìnyín má baà dì í. Àwọn tí mò ń sọ yìí, agbára àwọn tó yọ̀ǹda ara wọn láti gé kòríko kí wọ́n sì fa ìlà ni wọ́n gbára lé. Nítorí náà, ẹ wo ìkànnì ẹgbẹ́ náà láàárọ̀ ọjọ́ ìdíje, kí ẹ sì tún un wò nígbà tí ẹ bá fẹ́ wọkọ̀.

Sandygate ló wà lọ́kàn mi tipẹ́. Ìlú Sheffield ló wà, lórí òkè, òun sì ni pápá ẹgbẹ́ Hallam. Guinness World Records kà á sí pápá bọ́ọ̀lù tó pẹ́ jù lọ láyé. Ibẹ̀ ni Hallam ti gba Sheffield FC lálejò ní ọjọ́ 26 oṣù Kejìlá, ọdún 1860, tí àlejò sì na onílé ní àmì ayò 2 sí òdo. Ọdún 1857 ni wọ́n dá Sheffield FC yẹn sílẹ̀, kò sì sí ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù tó dàgbà jù ú lọ. Hallam ló gba ife Youdan, ìdíje kan láàárín àwọn ẹgbẹ́ Sheffield, ní 1867, ife náà sọnù fún ọ̀pọ̀ ọdún, ó wá padà sọ́wọ́ wọn ní 1997. Ẹgbẹ́ tó ní irú ìtàn yìí ń gbá bọ́ọ̀lù lójú èrò tí kò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti àwọn ẹgbẹ́ ńlá!

Sátidé ni mo lọ. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, láti aago 2:45 sí 5:15 ọ̀sán Sátidé, wọn kì í fi ìdíje hàn lójú ẹsẹ̀ lórí tẹlifíṣọ̀n, kí èèyàn lè jáde lọ sí pápá. Mo fara mọ́ òfin yìí tọkàntọkàn. Ẹgbẹ́ 92 péré ló wà ní ìpele mẹ́rin òkè. Àwọn tó wà nísàlẹ̀ wọn pọ̀ lọ súà, owó tí a san lẹ́nu ọ̀nà sì wà lára ohun tó ń gbé wọn ró.

Aago méjì ni mo débẹ̀, mo sì kọ́kọ́ rìn yí ká. Pápá náà dagẹ̀rẹ̀. Ẹ ò nílò kí ẹnikẹ́ni sọ ọ́ fún yín, ẹ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ àsíá kọ́nà kan kí ẹ wo òdìkejì, ẹ ó rí i bí ilẹ̀ ṣe ń rọra lọ sísàlẹ̀.

Nígbà tí rẹfirí fọn fèrè, mo fara ti irin tó yí pápá ká, níbi tó sún mọ́ ilé tí aṣọ́lé (gólì) àwọn onílé ń ṣọ́. Ibẹ̀ ni mo ti rí ohun tí tẹlifíṣọ̀n ò fún mi rí: ohùn wọn. Aṣọ́lé yẹn ò panu mọ́. "Ẹnì kan wà lẹ́yìn rẹ!" "Yí padà, àyè wà!" "Ẹ jáde, ẹ jáde!" Nígbà tí àwọn àlejò rí kọ́nà gbà, ìyẹn bọ́ọ̀lù tí wọ́n ń gbá wọlé láti igun pápá, ó bẹ̀rẹ̀ sí í pe àwọn agbábọ́ọ̀lù ẹ̀yìn rẹ̀ lórúkọ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń nàka sí ẹni tí kálukú máa ṣọ́. Ó pe nọ́ńbà 5 lẹ́ẹ̀mejì. Nọ́ńbà 5 ń tún ìbọ̀sẹ̀ rẹ̀ fà sókè. Kó tó pè é lẹ́ẹ̀kẹta, bọ́ọ̀lù ti dé, ẹni tó yẹ kó ṣọ́ sì ti fi orí kàn án sínú àwọ̀n. Ká ní mo wo góòlù yẹn nílé ni, aṣọ́lé ni ǹ bá dá lẹ́bi, nítorí ó dúró síbi tó wà, kò mira. Ó lọ bá nọ́ńbà 5, ó gbọ̀n ọ́n léjìká, ó ní, "Ó ti lọ. Èyí tó kàn la ń wò."

Nígbà ìsinmi, ẹ má jókòó síbì kan. Àwọn alátìlẹ́yìn máa ń ṣí lọ sí òdìkejì láti tẹ̀ lé ìkọlù ẹgbẹ́ wọn. Èmi ò tẹ̀ lé ìkọlù, aṣọ́lé yẹn ni mo tẹ̀ lé. Ní ìdajì kejì, ó tún pe nọ́ńbà 5 nígbà kọ́nà, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo. Nọ́ńbà 5 ti dúró ti èèyàn rẹ̀ kí ó tó pè é tán.

Sátidé tó tẹ̀ lé e, mo forí lé Dronfield, níbi tí Sheffield FC ti ń gbá bọ́ọ̀lù báyìí. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo wo ìkànnì wọn kí n tó wọkọ̀.